Àlọ́ Tí Ìyá Àwẹ̀ró Kò Pa Dé

Nígbà láéláé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọńlé. Alángbá nìkan ló ni ògiri, ló ni ìta, ló ni inú ilé. Bó bá wù ú, a sùn sábẹ́ ẹní. Bó bá wù ú, a gun orí àpótí, a máa mi orí bí baálé ilé.

Láyé ìgbà náà, ìlànà kan wà tí kò sí ẹni tó ń fi ṣeré. Ẹni tó bá pa àlọ́ gbọ́dọ̀ pa á dé. Yóò wí pé, "Àlọ́ mi ti délé o." Ọmọ tó ń pa á fún yóò sì dáhùn pé, "Kó sùn ire." Ìgbà yẹn ni àwọn ará inú àlọ́ tó ń padà sínú ẹnu tí wọ́n ti jáde wá. Bí ọmọ kò bá dáhùn, a kò tíì pa àlọ́ náà dé nìyẹn.

Ìyá àgbà kan wà, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Òwú ló ń ran. Bí ọwọ́ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu náà ń ṣiṣẹ́, nítorí ìyá yìí lẹ́nu! Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Àyọ̀ká kì í bẹ̀rù ajá, kì í bẹ̀rù ewúrẹ́ tó ń kàn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ojú rẹ̀ á lọ sókè àjà, oorun á sì dágbére fún un.

"Ìyá àgbà, kí ló wà lókè yẹn?"

Àwẹ̀ró náà ò kúkú mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ sinmi ni. Ó ní, "Bíńtín ni."

"Ta ni Bíńtín?"

"Ẹni kékeré kan tó ń ṣọ́ ẹ ni."

Yéè, ó ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀! Àyọ̀ká dìde jókòó. "Báwo ló ṣe ń rìn lókè tí kò já bọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ àjà bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò."

"Ṣé ó ń rí mi nínú òkùnkùn?"

"Ojú rẹ̀ tóbi gan-an, kò sì ní ìpéǹpéjú tó máa fi pa á dé."

"Kí ló wá ń jẹ?"

"Ẹ̀fọn tó ń jẹ ẹ́ ni."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó pupa bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀."

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀rín náà ló wà tí oorun fi gbé e lọ.

Ta ló máa jí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Àwẹ̀ró rọra ká òwú rẹ̀ jọ, ó fa aṣọ bo ọmọ, inú rẹ̀ ń dùn, òun náà sì sùn. Kò rántí pé òun kò tíì pa àlọ́ dé.

Igbe Àyọ̀ká ló jí i láàárọ̀. "Ìyá àgbà! Ẹ wá wò ó!"

Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ògiri, ó pupa, ó ranjú kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Àwẹ̀ró fò dìde lórí ẹní. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó yẹ kó pa àlọ́ náà dé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ńlá yẹn, ó wo àwọn ọmọ ìka tó rí gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àánú sì ṣe é. Ó ní kó di alẹ́. Alẹ́ lẹ́, ó ní kó di ọ̀la. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ìyá àgbà.

Bíńtín ò jẹ́ kí ẹ̀fọn kankan sinmi nínú yàrá náà. Àyọ̀ká ń sùn fọnfọn. Alángbá nìkan ni inú ń bí. Bó bá gun ògiri dé òkè, á já bọ́ gbì, Bíńtín á sì máa rìn kọjá lórí àjà bí ẹni ń lọ sódò.

"Ọmọ ẹnu lásán-làsàn!" Bí Alángbá ṣe máa ń bú u nìyẹn. "Ta ni bàbá ẹ? Inú ẹyin wo lo ti jáde?"

Lọ́jọ́ kan, ó lé e mú, ó gé ìrù rẹ̀ jẹ. Ìrù já, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀. Bíńtín sáré bá Àwẹ̀ró, ó ń sunkún.

"Ìyá mi, ẹ ò sọ ọ́ nínú àlọ́ pé ìrù mi lè já!"

Àwẹ̀ró ní, "Mi ò kúkú sọ ọ́ pé kò lè hù padà." Nírọ̀lẹ́, ó fi ìrù tuntun sínú àlọ́ náà. Kò pẹ́ tí ìrù mìíràn fi yọ.

Bí Alángbá ṣe rí èyí, ó kọrí sọ́dọ̀ Baálé. Baálé wá sílé Àwẹ̀ró.

"Ìyá àgbà, wọ́n ní ẹ ní àlọ́ kan nílẹ̀ tí ẹ ò pa dé."

"Òótọ́ ni, Baálé. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, àwọn iwin olórí méje inú àlọ́ pàápàá á wá bá wa jẹun. Ẹ bá wa pa á dé lálẹ́ òní."

Bíńtín gbọ́ lókè àjà. Ẹ̀rù bà á débi pé gbogbo osùn ara rẹ̀ ṣí, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí inú rẹ̀ láti ìta.

"Ìyá mi, bí ẹ bá pa á dé, ṣé ó máa dùn mí?"

"Kò ní dùn ẹ́, ọmọ mi. O ò kàn ní sí mọ́ ni." Àwẹ̀ró fi etí ìró nu ojú. Àyọ̀ká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń jẹ ẹ̀bà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, gbogbo agboolé pé síbẹ̀. Alángbá ló jókòó síwájú pátápátá. Bíńtín wà lókè, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Àwẹ̀ró pa àlọ́ náà títí, ó fà á gùn, kò sí ibi tó máa fà á sí mọ́.

"Àlọ́ mi ti délé o."

Ojú gbogbo wọn yí sí Àyọ̀ká. Ọmọ ti na gbalaja sórí ẹní, ó ń hanrun bí arúgbó.

Baálé ní, "Ọmọ ti sùn."

"Irọ́ ńlá!" Alángbá fò dìde. "Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń mì! Ẹ jí i!"

Baálé dá a lóhùn pé, "Ọmọ tí kò ní ìyá rí oorun sùn, o ní kí n jí i? Ìwọ, Alángbá, ṣé ara rẹ yá?"

Wọ́n sún un sí ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, oorun kan náà. Nígbà tó yá, kí ìyá àgbà tó jókòó dáadáa ni Àyọ̀ká á ti máa hanrun. Baálé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀ jàre. Ọmọ inú ilé yìí ni."

Alángbá fi ìbínú jáde. Ó ní òun ò bá ọmọ ẹnu gbé abẹ́ òrùlé kan náà láéláé.

Nígbà tí àwọn èèyàn túká, Àwẹ̀ró tẹ̀ ba lórí ẹní. "Ìwọ ọmọ yìí, oníṣẹ́ burúkú ni ẹ́."

Àyọ̀ká la ojú kan. "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Àyọ̀ká wá sùn lóòótọ́.

Àwẹ̀ró lọ sí ibi tí àgbà ń lọ, kò pa àlọ́ náà dé. Àyọ̀ká di ìyá àgbà, ó pa á fún àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀, àwọn náà sì hanrun.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọńlé ti ń gbé inú ilé wa, tí Alángbá ń yáàrùn lórí ọgbà níta. Láti ọjọ́ náà ni ara ọmọńlé ti funfun, tí kì í pa ojú dé, tó jẹ́ pé bí ìrù rẹ̀ bá já, òmíràn á hù. Ẹ̀rù náà kò sì tíì tán lára rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń pàlọ́ fún ẹ lálẹ́, tí o gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ lókè àjà, òun ló ń bi ẹ́ bóyá o ti sùn.

Má dá a lóhùn o. Sáà di ojú ẹ, kó o máa hanrun.