Erinmi Tí Wọ́n Yàn Ṣe Ààrẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá, kò dá sórí ẹlòmíràn, ó dá lórí Àgbọ̀nrín, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àti Erinmi tí àwọn ẹranko fọwọ́ ara wọn yàn ṣe Ààrẹ. Àṣàkẹ́, ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, má tíì rẹ́rìn-ín. Inú àwọn ẹranko yìí ń bí mi.

Ní ìgbà kan, igi àràbà wó lulẹ̀, gbìì! Ó dí ẹnu ìsun omi. Odò bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Erin lè fa igi náà, ṣùgbọ́n inú igbó ni Erin wà. Ẹfọ̀n lè tì í, ṣùgbọ́n inú ọ̀dàn ni Ẹfọ̀n wà. Ará igbó kì í gbọ́ràn sí ará ọ̀dàn lẹ́nu, ará ọ̀dàn kì í gbọ́ràn sí ará etí odò lẹ́nu. Àwọn àgbà apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ní kí àwọn ẹranko yan Ààrẹ kan tí yóò máa pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Wọ́n ṣòfin. Kí oníkálukú ju òkúta kan sínú igbá ẹni tí ó fẹ́. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò wọlé, bí ó bá sáà ní èyí tí ó jọjú ní igbó, ní ọ̀dàn àti ní etí odò, kí ó má baà jẹ́ Ààrẹ apá kan. Ọdún mẹ́rin ni yóò lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kí ó tó pé, àfi bí àwọn àgbà apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fohùn ṣọ̀kan.

Òfin náà dára. Ta ni wọ́n wá rán níṣẹ́? Odídẹrẹ́, tí ẹyìn kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú! Ó fò dé igbó, ó ní kí wọ́n wá yan àárẹ̀. Ó fò dé ọ̀dàn, ó ní kí wọ́n wá yan àárẹ̀. Ó fò dé etí odò, àárẹ̀ náà ni ó pè níbẹ̀. Ẹnì kan kò béèrè pé irú àárẹ̀ wo. Wọ́n ní bóyá ẹni tí àárẹ̀ mú jù ni wọ́n fẹ́ ṣàánú fún. Ta ni àárẹ̀ mú tó Erinmi, tí ń yán hààà láti òwúrọ̀ dalẹ́? Kó, kó, kó, òkúta kún igbá Erinmi ní apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbọ̀nrín náà ju tirẹ̀ sí i.

Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀, Àgbọ̀nrín lọ bá Ààrẹ nínú ẹrẹ̀ tí ó sùn sí. Ẹ bá mi gbè é:

Ààrẹ, dìde o,
*Ó rẹ̀ mí.*
Omi ti gbẹ o,
*Ó rẹ̀ mí.*
Ọmọ mi ń kú lọ o,
*Ó rẹ̀ mí.*
Pàṣẹ fún Erin o,
*Ó rẹ̀ mí.*

Erinmi yí padà gbọ̀lọ̀, ó sùn. Àgbọ̀nrín kó àwọn aládùúgbò lọ, wọ́n kọ orin náà. Erinmi yán hààà, ó sùn. Àgbọ̀nrín kó àwọn àgbà lọ, wọ́n kọ ọ́. Erinmi la ojú kan.

Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, àárẹ̀ ni ẹ ní ẹ fẹ́. Ó sì ń rẹ̀ mí. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Àgbọ̀nrín bẹ àwọn àgbà kí wọ́n yọ ọ́. Àgbà igbó ní kí ti ọ̀dàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà ọ̀dàn ní kí ti etí odò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà etí odò ní ọmọ àwọn ni Erinmi. Ni oníkálukú bá gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ wọn sú mi pátápátá!

Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, Àgbọ̀nrín sáré ṣáájú Odídẹrẹ́. Ó dé igbó, ó dé ọ̀dàn, ó dé etí odò, ó ń ṣàlàyé pé Ààrẹ ni, kì í ṣe àárẹ̀, iṣẹ́ ni ẹni náà ń bọ̀ wá ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ yé. Wọ́n yan Ẹfọ̀n, etí odò pàápàá ju òkúta fún un.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ẹfọ̀n pàṣẹ. Erin fà, Ẹfọ̀n tì, igi yí kúrò, omi tú jáde wàààà. Ẹfọ̀n ní kí Àgbọ̀nrín mú ọmọ rẹ̀ wá, kí ó kọ́kọ́ mu.

Àgbọ̀nrín ní, "Ààrẹ, ẹ ṣeun. Ọdún kejì Erinmi ni mo sin ín."

Ibi tí mo bá ààlọ́ mi dé nìyẹn. Ó kọ́ wa pé kí a béèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún ẹnì kan kí a tó yàn án, nítorí òùngbẹ ọmọ kò ní dúró de ọdún mẹ́rin.