Ibi Tí Kásẹ́ẹ̀tì Parí Sí

Ọkùnrin kan wà, aránṣọ ni, tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ju gbogbo olórin lọ. Kásẹ́ẹ̀tì wọn kan ṣoṣo ló ní. Bó bá ti ń ránṣọ ni kásẹ́ẹ̀tì ń kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ a sì máa bá agogo lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ a máa sọ pé ìró ẹ̀wà tí òun ń fẹ́ nínú atẹ dùn ju orin wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dun ọkọ, nítorí ohun tó wù ú jù ni pé kí àwọn méjèèjì jọ gbádùn ohun kan náà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú wọn, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ lé e. Ó ní bó bá gbọ́ ọ lójúkojú, yóò yé e.

Eré bẹ̀rẹ̀, ọkàn ọkọ sì rẹ̀wẹ̀sì. Agogo pẹ́ kó tó wọlé. Olórí wọn ti dàgbà, ó sì ń sinmi níbi tó yẹ kó ti gbọn igbá. Ọkọ ń fi ìka lu orúnkún, ó ń bá wọn tún un ṣe. Kò lè wojú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kásẹ́ẹ̀tì máa ń parí sí, ó dìde, ó dé fìlà, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ìyàwó kò mira.

“Bàbá Ìbídùn, kásẹ́ẹ̀tì yín ló parí. Àwọn yìí ṣì ń lù.”

Ó bínú jáde. Kò tíì dé géètì nígbà tí gbogbo ìlù dákẹ́, tí olórí nìkan ń rọra gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Àwọn yòókù ń dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó sáré padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti jókòó sáyè rẹ̀. Ó fara ti ògiri lẹ́yìn, níbi tó ti ń rí èjìká ìyàwó rẹ̀ tó ń mì sí ìlù, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́nà ilé, ìyàwó ní agogo yẹn pẹ́ lóòótọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìwọ ọkọ tó wá sọ fún mi pé aya rẹ kò rí mọ́ bó ṣe rí nígbà tí ẹ ń fẹ́ra, àbùkù tí o kà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ìgbà ìfẹ́sọ́nà lo ṣì ń gbọ́, ibi tó parí sí lo sì ti dìde. Padà sílé, kí o jókòó sáyè rẹ nígbà tó ṣì ṣófo.