Igbá Mẹ́fà fún Àwọn Tó Ń Po Ẹrẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ gbé ohùn sókè. Ẹni tí kò bá dáhùn, mo ti mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Olúgbọ́dé, ẹ̀yin náà ẹ dáhùn, àgbà kò yọ sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ yìí, mo po ẹ̀kọ sínú igbá mi, mo dé e, mo lọ gbá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo padà dé, igbá kún bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ inú rẹ̀ ṣàn bí omi ìṣanwọ́. Ẹnìkan ti mu ún, ó sì ti bu omi lú èyí tó kù. N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé ẹnikẹ́ni, ilé Òkété ló yà sí.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ ní etí odò kan. Awó, ẹyẹ tí àmì funfun kún ara rẹ̀, ló ń ṣọ́ gbogbo wọn. Bí ọdẹ bá ti wọgbó, Awó á ké, kálukú á sá. Ṣùgbọ́n Awó fúnra rẹ̀ kò nílé. Inú koríko ló ń yé sí. Ní ọdún tó kọjá, àgbàrá òjò gbá gbogbo ẹyin rẹ̀ lọ, kò ku ẹyọ kan. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́dún yìí ó tún ti yé ẹyin méjìlá, òjò sì ti ń ṣú.

Ẹfọ̀n, àgbà wọn, pè wọ́n jọ. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ wa kò gbọdọ̀ tún sunkún. Ẹ jẹ́ ká mọ yàrá kan fún Awó lókè níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọlé rí, ẹ mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èèyàn á wa ilẹ̀, á da omi sí i, á fi ẹsẹ̀ pò ó títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Á gé koríko gbígbẹ sí i. Á fi í sílẹ̀ kó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún pò ó. Nígbà tí Ẹfọ̀n bèèrè ẹni tí yóò po ẹrẹ̀, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Òkété ní, "Èmi ni."

Wọ́n wo ara wọn. Òkété tí kì í bá wọn gbá ojúde?

Ó ní, "Mo ní ẹbí mẹ́fà ní òkè odò. Iṣẹ́ ẹrẹ̀ pípò ni wọ́n jogún. Ẹ ṣáà máa gbé oúnjẹ ẹni mẹ́fà wá láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má wá sí ẹ̀yìn ìrókò níbi tí wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́."

Inú gbogbo wọn dùn. Awó nìkan ló fi ojú ọ̀tún wo Òkété, tó tún fi ojú òsì wò ó.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á gbé igbá mẹ́fà wá sídìí ìrókò, iṣu sísun, ẹ̀pà, àgbàdo. Òkété á gbà á, á wọ ẹ̀yìn igi. Wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pò ó dáadáa." Ohùn mìíràn á dáhùn pé, "Hoo." Ta ló wà níbẹ̀? Kò sẹ́nìkan. Òkété ló ń kí ara rẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ ẹ. Á jẹ igbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, á tẹ́ koríko gbígbẹ tí wọ́n gé fún un, á sùn lé e lórí. Ní ìrọ̀lẹ́, á da omi sórí iyanrìn odò, á fi ìrù rò ó lẹ́ẹ̀mejì, á ní ẹrẹ̀ ti délẹ̀.

Wọ́n ń kó o, wọ́n ń mọ ọ́n. Ògiri ń ga, ikùn Òkété náà ń ga.

Awó ń yẹ àwọn igbá wò bí wọ́n bá ti ń padà bọ̀. Ó sọ fún Ẹfọ̀n pé, "Ẹ wo èèpo ẹ̀pà yìí. Wọ́n ní ẹnu mẹ́fà ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eyín kan ló fọ́ gbogbo rẹ̀."

Ẹfọ̀n fajú ro. "Awó, ilé rẹ là ń kọ́. Má fi ìfura lé àwọn tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ sá."

Awó lọ sídìí ògiri, ó fi èékánná họ ọ́. Iyanrìn ló ń dà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní abaramóorejẹ ni. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹyin méjìlá ni yóò kó sábẹ́ ògiri yẹn.

Ó tọ Òkété lọ. Ó ní, "Ó yẹ kí èmi onílé fi ọwọ́ ara mi se oúnjẹ àwọn àlejò wa lọ́la. Kí ni èèwọ̀ wọn? A kì í dáná fún àlejò ká má bèèrè."

Òkété ronú. Ẹni mẹ́fà tí kò ní èèwọ̀ kankan, ìyẹn náà á fu èèyàn lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n àgbà kì í jẹ epo pupa. Bó bá fi tọ́ ọ wò, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò wú."

Lọ́jọ́ kejì, Awó se iṣu. Ó fi iyọ̀ nìkan sí igbá márùn-ún. Ìkẹfà, ó fi epo pò ó títí ó fi pọ́n, ó sì so okùn mọ́ igbá náà. Ó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n àgbà rèé o."

Òkété gbà á, ó dúpẹ́. Ó ti gbàgbé. Èèwọ̀ ẹni tí kò sí kì í pẹ́ lọ́kàn. Nígbà tí igbá padà, igbá olókùn ni wọ́n lá jù.

Awó gbé e tọ Ẹfọ̀n lọ lójú gbogbo wọn. "Ẹ gbà mí, mo ti dáràn. Mo fi epo po iṣu ẹ̀gbọ́n àgbà, Òkété sì ti sọ fún mi pé ara rẹ̀ yóò wú."

Ẹfọ̀n yíjú sí Òkété. "Báwo ni ara rẹ̀?"

Òkété kò rí ọ̀nà mìíràn. Ó ní, "Ó ti wú. Ó ń wú lọ báyìí."

Awó ní, "A kì í gbọ́ pé ara ẹnìkan ò yá ká jókòó sílé. Ẹ jẹ́ ká lọ kí i."

"Ojú ń tì í o," ni Òkété wí.

Ẹfọ̀n ní, "Ojú kì í ti ẹni tó ń kú lọ." Ó sì dìde.

Òkété sáré ṣíwájú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ìrókò, wọ́n rí nǹkan roboto kan tó fi ẹrẹ̀ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń kérora.

Ẹfọ̀n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn márùn-ún yòókù dà?"

"Wọ́n lọ já ewé."

"Òkété ńkọ́?"

Aláìsàn tún kérora. "Ó bá wọn lọ."

Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí a bá pò dáadáa kì í tètè ṣí lára. Ti Òkété, ẹ̀kán òjò mẹ́ta ló gbà. Irunmú ló kọ́kọ́ yọ, epo pupa ṣì wà lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ gbì lókè. Wọ́n sáré gun òkè lọ. Yàrá Awó ti di iyanrìn, ó ń bá àgbàrá lọ.

Ẹfọ̀n di orí mú. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Awó, àwa la pa ọ́. Àwọn ẹyin rẹ dà?"

Awó ní, "Wọn ò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti họ ògiri yẹn ni mo ti kó wọn sínú ihò Òkété, lábẹ́ àpáta. Ibẹ̀ ò lè jò, nítorí ó gbẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Mo sì mọ̀ pé kò ní wálé. Oúnjẹ wà lẹ́yìn ìrókò."

Wọ́n lọ wò ó. Ẹyin méjìlá, gbígbẹ táútáú.

Wọ́n gba ihò náà fún Awó títí àwọn ẹyin rẹ̀ fi pa. Nígbà tí òjò dá, wọ́n ti Òkété sínú kòtò ẹrẹ̀. Ó jẹun ẹni mẹ́fà, iṣẹ́ ẹni mẹ́fà ló ṣe. Nígbà tó bá fẹ́ sinmi, Awó á ké láti òkè pé, "Pò ó. Ti ẹ̀gbọ́n àgbà ló kù."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá bu omi lú nǹkan fún ẹlòmíràn, kó rántí pé òjò ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì fura, kó má jẹ́ kí ìtìjú dí òun lọ́wọ́. Bí mo bá fi irọ́ lú àlọ́ yìí, kí ẹ̀kọ mi ọ̀la má dì.

Ẹ̀yin ọmọdé, mo mọ̀ pé odò lẹ wà nírọ̀lẹ́, èmi ni mo rán yín. Ẹ lọ sùn. Bàbá Olúgbọ́dé, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ sún mọ́ àtùpà, kí n wo irunmú yín.