Obìnrin Tó Fi Ẹ̀yìn Yan Ọkọ̀

“Òtútù kì í mú ẹyinjú, ara ni kí o bi léèrè.” Bí ẹ bá ti bá àwọn Yorùbá ìlú Jọ́ọ̀sì gbé rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí títí tí yóò fi sú yín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sì ń dín kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì rántí bí atẹ́gùn ọyẹ́ ìlú náà ṣe máa ń ta ni létí.

Bàbá àti Ìyá Ọláníhún, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti di onílé ní Jọ́ọ̀sì, kò fẹ́ràn ohunkóhun tó kí wọ́n máa gun òkè. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀nà gbẹ, wọn yóò di ẹrù, ó di orí òkè, ibẹ̀ ni wọn yóò máa sùn. Àwọn ẹbí ní wèrè òyìnbó ló ń ṣe wọ́n. Lọ́dún kan, inú àgọ́ aláṣọ ni wọ́n sùn, òtútù àyà sì kọlu ìyá. Díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ. Ni Ọláníhún, àkọ́bí wọn, bá yarí.

“Ìyá mi, bí òtútù bá tún gbé yín dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gun òkè mọ nìyẹn.”

Ìyá kò jiyàn. Ó ní bí àgọ́ bá fẹ́ pa òun, òun yóò wá ilé tó ní táyà.

Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò a máa wa bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí gba aṣálẹ̀ wá sí Jọ́ọ̀sì. Bí ìrìn bá sú wọn, wọn a tà á, wọn a wọ bàálù padà sílé. Sàláù ará Ọ̀fà ló máa ń rà á lọ́wọ́ wọn láti tún un tà. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé tọkọtaya náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan funfun báláú, kọ́tìnnì olódòdó lójú fèrèsé, sítóòfù tó ń dán, kápẹ́ẹ̀tì pupa nílẹ̀. Èkejì dà bí àpótí tí ewúrẹ́ bá jà: ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, pákó ni wọ́n sì fi bo inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Oòrùn ọ̀sán mú. Bàbá jókòó sórí ibùsùn ọkọ̀ funfun, ó ń fọwọ́ pa kọ́tìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

“Ìyá Ọláníhún, a ti rí i. Wò ó, ó tiẹ̀ bá ìró rẹ mu.”

“Ìró mi kọ́ ló ń sá fún òtútù. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́la, kí oòrùn tó yọ.”

Sàláù bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá wa, ọkọ̀ kan náà lẹ ó bá o! Àbí ẹ rò pé ó ń pààrọ̀ àwọ̀ ni?”

“Mo mọ̀. Ara tèmi ni yóò pààrọ̀.”

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú wa dé eegun. Ìyá wọ inú ọkọ̀ funfun, ó bọ́ súwẹ́tà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì nà gbalaja sórí ibùsùn. Àgbàlagbà obìnrin, nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ní gbangba! Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí pé jọ síbi fèrèsé.

“Bàbá, ṣé wọ́n lé yín jáde nílé ni?”

“Mọ́tò ni mo ń tà o,” Sàláù pariwo, ife ògì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, “n kò ta bẹ́ẹ̀dì!”

Ojú ti bàbá. Ó kan gíláàsì. “Dìde, jọ̀wọ́. Ayé ń wò wá.”

“Ayé kọ́ ni yóò bá mi wúkọ́,” ni ìyá dáhùn láti inú ọkọ̀. Kò sì dìde títí Sàláù fi mu ògì rẹ̀ tán, tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu àwọn awakọ̀.

Nígbà tó jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ìkòkò àmù. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa: irin lásán ni. Ó na ìka sí òrùlé, níbi tí omi ti ń kán sórí ibùsùn.

“Ẹ wo èémí mi. Mo mí in jáde, ó ń kán padà lé mi láyà.”

Ó wá wọ inú ọkọ̀ tó burẹ́wà. Nígbà tó yá, ìhanrun la gbọ́. Bàbá ló wọlé lọ jí i. Ẹ̀yìn ìyá gbóná. Irun àgùntàn ni àwọn òyìnbó náà kì sẹ́yìn pákó yẹn, òrùlé ọkọ̀ náà sì gbẹ táútáú.

“Ṣùgbọ́n kò dára lójú,” ni bàbá ń kùn.

“Bàbá Ọláníhún, òtútù kì í mú ẹyinjú. Ara ni kí ẹ bi léèrè.”

Ọkọ̀ onípákó ni wọ́n rà. Ní ọyẹ́ ọdún náà, Ọláníhún fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ sórí òkè, kó lè mú ìyá rẹ̀ padà bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ká ìyá mọ́ ìta tó ń dáná, tó ń kọrin, tí kò wúkọ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, Ọláníhún kò bá a jà lórí ọ̀rọ̀ òkè mọ́.

Àwọn awakọ̀ tó fi ìyá ṣẹ̀sín ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri títí tó fi di òwe. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fi ẹwà nìkan yan ohun tí ara rẹ̀ yóò máa bá gbé lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà ṣe ọkọ tàbí aya. Kí ó tó yàn ni wọ́n ń pa á. Bí ó bá ti yàn tán, wọn kì í pa á mọ́. Aṣọ ìbora ni wọn yóò gbé wá fún un.