Lékèélékèé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kí Kú Iṣẹ́

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Múyìbí, kó ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀, àbí o fẹ́ gbé mi ṣubú ni? Tinúadé, kí lò ń sun nínú iná yẹn?"

"Èèpo ọsàn gbígbẹ ni, Màmá."

"Màmá, ẹ sọ fún un kó fi sílẹ̀!" Múyìbí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Yànmùyánmú wo ló ń lé? Ẹyọ kan ò sí níbí!"

"Ó dáa. Tinú, fi sílẹ̀ nígbà tí ojú ń ta ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ jẹ́ kí n rí àlọ́ mi pa. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Mo ní ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yí lu ìjàpá, kò yí lu ajá. Ó yí lu obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíwùmí, òun àti màlúù kan, àti ẹyẹ funfun kan."

Ní ìgbà kan rí, ní abà kan tí wọ́n ń pè ní Etí-Irà, Ìbíwùmí ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ògúnṣakin, àti ọmọbìnrin wọn, Fádérẹ̀rà. Màlúù ni wọ́n ń sìn. Ẹ má rò pé agbo màlúù ni o! Màlúù kan péré ni. Ẹyọ kan ọ̀hún pàápàá, kì í ṣe tiwọn.

"Ti ta ni, Màmá?"

"Ṣé mo ti sùn ni? Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Ti Bàbá Ajíbáre ni, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní òdìkejì odò. Wọ́n gbà á sìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ sì mọ bí a ti ń gba ẹran sìn: bí ẹran bá bí àkọ́bí, ẹni tó ni ẹran ló ni ín. Bí ó bá tún bí, ẹni tó ń sìn ín ló ni ìyẹn. Bí ẹran bá wá kú, wọn á bó awọ rẹ̀, wọn á gbé awọ náà lọ fún ẹni tó ni ín, kó lè mọ̀ pé wọn kò tà á jẹ.

Dúdúyẹmí ni wọ́n ń pe màlúù náà, nítorí pé ó dúdú, ó ń dán. Ó ti bí àkọ́bí rẹ̀, Bàbá Ajíbáre sì ti wá fà á lọ. Lọ́jọ́ náà, Ìbíwùmí fi ìdí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Kò burú. Èyí tó ń bọ̀, tiwa ni."

Nígbà tó yá, Dúdúyẹmí tún lóyún. Ha! Ẹ wá wo ìtọ́jú! Ìbíwùmí á bu èèrí ọkà fún un láàárọ̀. Ògúnṣakin á ṣá eèsún tútù wá lọ́sàn-án. Fádérẹ̀rà á da èèpo iṣu sílẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, Ìbíwùmí á fọwọ́ kan ikùn màlúù náà, á ní, "Ọmọ wa, ó dàárọ̀ o."

Láyé ìgbà náà, ẹyẹ lékèélékèé kì í rin ìrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ẹ̀yìn màlúù ló máa ń wà. Ọ̀kan wà tí kì í fi Dúdúyẹmí sílẹ̀. Bí màlúù bá ń jẹko, ẹyẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí màlúù bá dùbúlẹ̀, ẹyẹ á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa ṣá nǹkan jẹ lára rẹ̀, ṣá, ṣá, ṣá.

Ìbíwùmí ń wò ó. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó di ọjọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó-tó-tó lábẹ́ ikùn Dúdúyẹmí, níbi tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá.

"Ìwọ ẹyẹ yìí! Kí lò ń jẹ lára ẹran mi?"

"Oúnjẹ mi ni, Ìyá Fádérẹ̀rà."

"Oúnjẹ wo? Màlúù mi ló di oúnjẹ rẹ?"

"Rárá o. Ohun tó ń jẹ màlúù yín ni mò ń jẹ."

"Kò sí nǹkan kan lára màlúù mi!"

"Kò sí, torí pé mo wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bí Ìbíwùmí nínú. Ó ní ẹyẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó he òkò, ó sọ ọ́, gbò! Òkò ba lékèélékèé lẹ́sẹ̀. Ẹyẹ ké, ó fò, ó gba ọ̀nà irà lọ. Gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà nínú pápá gbéra, wọ́n tẹ̀ lé e.

"Ẹ ṣeun tí ẹ lọ!" ni Ìbíwùmí wí. Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, kí ló dé tí màlúù ò sọ̀rọ̀? Ṣebí ẹyẹ ń sọ̀rọ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wí.

"Màlúù sọ̀rọ̀. Ó ní mùúù. Ṣé ìwọ gbọ́ ohun tó wí? Ìbíwùmí náà kò gbọ́. Jẹ́ ká máa lọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Koríko hù, ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìbíwùmí rí nǹkan wẹ́wẹ́ ní ọrùn Dúdúyẹmí, bí èso yànmọ̀tí. Kò pẹ́, wọ́n tóbi tó erèé. Nígbà tó tún yá, wọ́n tó ẹ̀pà. Wọ́n tò yíká ọrùn màlúù, wọ́n ń dán.

Ìbíwùmí bi wọ́n pé, "Ta ni yín?"

Èyí tó sanra jù láàárín wọn dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, Ìyá. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wá. Ọrùn aboyún la máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́."

"Irọ́ ni!" Gbogbo àwọn ọmọ figbe ta. "Eégbọn ni! Eégbọn ni!"

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Òun kò mọ̀ ọ́n. Títí di ìgbà náà, ènìyàn kankan kò fojú kan eégbọn rí. Ta ni yóò jẹ́ kó dàgbà tí ẹnikẹ́ni yóò fi rí i?"

"Lékèélékèé kò ní jẹ́!"

"Ẹ ṣeun. Múyìbí, kí lò ń gbá ní apá?"

"Kò sí, Màmá. Ẹ máa bá a lọ."

Inú Ìbíwùmí dùn. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ògúnṣakin, wá wo ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ẹran!" Ògúnṣakin rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dúdúyẹmí ti di ìyàwó."

Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni màlúù ń rù. Àgbàdo gbó, wọ́n yà á. Iṣu ta, wọ́n wà á. Àrọ̀kúrò òjò rọ̀, ó dá. Dúdúyẹmí kò jẹ èèrí mọ́. Ó di ọjọ́ kan, ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde.

Ni Bàbá Ajíbáre bá fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Ó wo ẹran náà títí.

"Ìbíwùmí, ṣé ẹran mi nìyí, àbí òjìji rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ṣùgbọ́n màlúù tó bá kú, awọ lásán ni. Èyí tó bá ṣì ń mí, alápatà á gbà á. Bí oṣù tuntun bá lé tí kò tíì dìde, mò ń mú okùn bọ̀."

"Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ọmọ wa ńkọ́?"

Bàbá Ajíbáre gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó yí padà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìbíwùmí jókòó ti màlúù, ó ń sunkún. Fádérẹ̀rà jókòó tì í. Ọmọ ọmọdé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ó ní, "Màmá, ṣebí ó pọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan sọ́rùn." Ó nawọ́, ó fa ọ̀kan, ó fún un mọ́wọ́. Pòó! Ẹ̀jẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀.

"Yéè! Màmá, ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ìbíwùmí dìde fùú. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo ọrùn màlúù. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ padà sí i létí: *kò sí, torí pé mo wà níbẹ̀.* Ó kó ọwọ́ méjèèjì lérí. "Mo gbé o! Ẹni tó ń ṣọ́ mi ni mo sọ lókò!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa eégbọn. Wọ́n ṣà á kún igbá, wọ́n dà á síná, ó ń dún páà-páà-páà. Ilẹ̀ mọ́, òmíràn ti dé. Ó wà nínú etí, ó wà nídìí ìrù, ó wà níbi tí ìka ènìyàn kò dé. Oṣù tuntun sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìbíwùmí di aṣọ mọ́dìí. Ó ní, "Mò ń lọ sí irà."

Ògúnṣakin ní, "O fẹ́ lọ bẹ ẹyẹ?"

"Ẹnu tó lé e náà ni yóò bẹ̀ ẹ́."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Kí ó kọ̀ ọ́ lójú mi ni. Èmi ni mo sọ òkò, jẹ́ kí n fẹsẹ̀ mi lọ."

Ó wọ inú irà, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é o! Ẹ ó máa wí pé *padà wálé*:

"Lékèélékèé, aláṣọ funfun o—"

"Padà wálé!"

"Òkò tí mo sọ, ó ń dùn mí o—"

"Padà wálé!"

"Dúdúyẹmí kò lè dìde o—"

"Padà wálé!"

"Ọmọ ń bẹ níkùn ìyá rẹ̀ o—"

"Padà wálé, padà wálé!"

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kínní, kò sí ẹnì kan. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ewéko mì. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, lékèélékèé yọ jáde, ó ń tiro.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" ni Ìbíwùmí bi í.

"Ó ti jinná. Ó kàn ń fà mí díẹ̀ ni. Òkò yẹn kọ́ ló dùn mí jù."

"Kí ló dùn yín jù?"

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lára ẹran yín. Ẹ ń rí mi láàárọ̀, ẹ ń rí mi lálẹ́. Ẹ ń kí ẹni tó ń roko kú iṣẹ́. Ẹ ń kí ẹni tó ń gúnyán kú iṣẹ́. Ẹni tó kàn ru igi kọjá, ẹ ń kí i. Ta ló kí èmi kú iṣẹ́ rí?"

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "N kò rí iṣẹ́ náà ni. Ẹ ṣe é dáadáa débi pé n kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá."

Lékèélékèé gbé ẹsẹ̀ tó fi ń tiro sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. N ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni n ó máa wá láti òní lọ. Bí òjò bá dé, n ó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fọwọ́ ara yín ṣa eégbọn. Bí ẹ bá ń ṣà á, ẹ ó máa rántí ohun tí mò ń ṣe."

Ìbíwùmí tún bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, pé kó dúró jálẹ̀ ọdún. Ẹyẹ ní ibi tí òun bá a dé nìyẹn.

Ni àwọn lékèélékèé bá tú yáyá lójú ọ̀run, pápá Etí-Irà funfun gbòò. Wọ́n bo Dúdúyẹmí, ṣá, ṣá, ṣá! Eégbọn tó pe ara rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ pariwo pé, "Ìyá, ẹ gbà mí o!" Ìbíwùmí ní, "Lọ ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ikùn ẹyẹ."

Màlúù gbé orí. Màlúù jẹ èèrí. Màlúù dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó dúró.

Oṣù tuntun lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ń fẹ́, Bàbá Ajíbáre mú okùn dé. Kò tíì wọ ọgbà tó ti gbọ́ "mùúù" ńlá, tó sì gbọ́ "mùú" kékeré. Ó bá Dúdúyẹmí lórí ìdúró, ó ń lá ọmọ tuntun lára. Ìbíwùmí, Ògúnṣakin àti Fádérẹ̀rà dúró tì wọ́n.

Bàbá wo ọmọ náà nídìí. "Abo ni." Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí Fádérẹ̀rà. "Gbà. Okùn tí mo mú wá fún ìyá, ẹ fi so ọmọ yín."

"Hééè!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Láti ara abo yẹn ni agbo màlúù Etí-Irà ti pọ̀. Bí òjò bá sì dá, tí ẹyẹ funfun àkọ́kọ́ bá ti balẹ̀ sí pápá, Ìbíwùmí á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á jáde, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Pá! Pàpà! Pá!

"Múyìbí, kí ló ń ṣe ọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

"Yànmùyánmú ni, Màmá! Wọ́n ti jẹ mí tán lẹ́sẹ̀! Níbo ni wọ́n ti wá? Wọn ò sí níbí tẹ́lẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Tinúadé, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó di èèpo ọsàn mọ́ inú aṣọ. Tinúadé ń wo iná.

Múyìbí họ orí. Ó tún họ ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Tinú... o kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀rín sọ. Tinúadé náà rẹ́rìn-ín, ó ju ẹ̀kúnwọ́ èèpo ọsàn síná, èéfín sì gba ojú Múyìbí lọ tààrà. Múyìbí kàn nu ojú rẹ̀, kò ráhùn.

"Ẹ gbọ́ o," ni Màmá wí. "Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má ṣe fojú di iṣẹ́ tí a kò rí. Ẹni tó ń jẹ́ kí ara tù wá, ká kí i kó tó lọ. Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí màlúù gbogbo ayé dá ìwo jọ dè mí lọ́nà odò. Bí n kò bá purọ́, kí wọ́n ké fún mi lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Mùúù! Mùúù! Mùúùù!"