Ọ̀yà Kò Kúrò Lórí Pápá Bàbá Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn títí, ó lọ jókòó ti Ọ̀yà, ìyá ọlọ́mọ púpọ̀, àti Àjàpá olójúkòkòrò.

Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú. Pápá koríko tí bàbá Ọ̀yà fi sílẹ̀ fún un gbẹ háúháú. Kíá, Àjàpá ti dé ọ̀dọ̀ Erin, ọba wọn.

“Kábíyèsí, koríko Ọ̀yà ti kú. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ dáko ló ni ilẹ̀ tí kò hu ewé tútù.”

Erin ní, “Òfin ni. Bí oṣù tuntun bá lé, n ó wá wò ó.”

Àjàpá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀yà. “Ìyá, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́.”

“Kí n lọ síbo? Ibí ni wọ́n sin bàbá mi sí. Mi ò lọ!”

Ló bá ń da omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìdí koríko, wàà, wàà. Ó ń wú koríko etídò wá, ó ń fi dí ibi tó ti pá. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orin ló ń kọ. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ má sùn o!

Koríko bàbá mi kò kú o —
A ò lọ!
Ẹ̀ẹ̀rùn le, èmi náà le —
A ò lọ!
Àjàpá, gbé ọkọ́ rẹ jìnnà —
A ò lọ!

Inú bí Àjàpá. Nígbà tí Ọ̀yà lọ sódò, ó ṣáná sí pápá. Gbòòò! Gbogbo rẹ̀ di eérú.

Ọ̀yà dé, ó sunkún, ẹ̀yin ọmọ, ó sunkún gidi. Ó nu ojú tán, ó gbé korobá, ó tún ń bomi rin eérú.

Iná jó ewé, kò jó gbòǹgbò —
A ò lọ!

Oṣù lé. Erin dé, gìdìgìdì. Ó bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀: ọ̀mùnú tútù ti kún inú eérú!

“Ta ló sun ún?”

“Kábíyèsí, kó lè kú pátápátá ni mo ṣe…” Ẹnu Àjàpá ti tú àṣírí.

“Òpè! O ò mọ̀ pé koríko tí a sun, tí a bomi rin, kì í pẹ́ rúwé? Ọ̀yà ló ni pápá rẹ̀. Ìwọ ni wàá máa pọnmi fún un títí òjò yóò fi rọ̀.”

Ọ̀yà na korobá sí i. “Odò nìyẹn. Yára o, òùngbẹ ń gbẹ koríko mi.”

Ibí ni àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ó kọ́ wa pé kí a má ṣe ojúkòkòrò sí ohun ẹlòmíràn. Èyí tó bá sì jẹ́ tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín kúrò lórí rẹ̀.