Èéfín Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Fọlárìn

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nígbà tí Bàbá Fọlárìn fi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ háyà fún àwọn tí ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, ọkàn Ìyá Monílọlá, aládùúgbò rẹ̀, kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ló dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ojú sì ń tì í láti bá a wí. Nígbà tí wọ́n pè é kó wá ṣàdúrà sí ibi iṣẹ́ náà, ó ṣe é.

Kò pẹ́ tí èéfín fi gba gbogbo ilé Ìyá Monílọlá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. Ìyá Monílọlá pọn ọ́n lọ bá bàbá.

“Bàbá Fọlárìn, ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń mí! Ẹ dákun, ẹ lé wọn lọ.”

Bàbá sorí kọ́. “Mo ti tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́wàá fún wọn. Ìyá Monílọlá, ẹ̀yin tí mo máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí ló pa yín lẹ́nu mọ́ nígbà náà? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ gbàdúrà pé kí ibẹ̀ tù wá lára?”

Ìyá Monílọlá la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n ikọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí bàbá gbọ́ ohun tó sọ.